Mo Lọ Gbé Ooru ní Ìlú Òtútù

Ohun tó kọ́kọ́ mú àyà mi já ní Finland kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti fi òtútù dẹ́rù bà mí tó nílé kí n tó lọ. Orúkọ ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí mo lọ bá, ọkùnrin tí gbogbo orí rẹ̀ ti funfun, tó sì lè bí mi lọ́mọ, na ọwọ́ sí mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní, "Risto ni kí o máa pè mí."

Ní Ìsẹ̀-Èkìtì tí wọ́n bí mi sí, ẹni tó bá fi oṣù mẹ́ta péré jù mí lọ, mi ò gbọdọ̀ la orúkọ mọ́ ọn lórí. Fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin, mi ò pe ọkùnrin yẹn ní ohunkóhun. Bí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, màá lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀ títí yóò fi gbójú sókè. Ó gbà pé ìtìjú ló ń ṣe mí.

Tíṣà físíìsì ni mo jẹ́ tẹ́lẹ̀, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkẹ́rẹ́. Ọdún kejì tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó ni mo rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà láti lọ ṣe ìwádìí nípa bí a ṣe ń mú nǹkan tutù. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, ọ̀kan nínú wọn ní, "Àǹtí, ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá máa ta áísì wọ́tà ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ìbéèrè yẹn ni wọ́n máa bi mí fún ọdún mẹ́ta, ní oríṣiríṣi ọ̀nà.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ inú láàbù, yìnyín ti ga dé orúnkún lóde. Mo wọ ẹ̀wù mẹ́ta léra. Risto nawọ́ sí fèrèsé, ó ní, "Ìta yẹn, ní ti iṣẹ́ tiwa, iná ajónirun ni." Mo rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Òtútù tí wọ́n ń wá níbẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ó kù díẹ̀ kí ooru tán nínú nǹkan. Àgbá irin kan tó ga tó èèyàn ló wà láàárín yàrá, wọ́n máa ń rọ hélíọ́ọ̀mù olómi, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti mú tutù títí ó fi di omi, sínú rẹ̀, ìsàlẹ̀ àgbá yẹn ni iṣẹ́ wa wà.

Màá ṣàlàyé iṣẹ́ náà bí mo ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ ilé ìwé. Wáyà bàbà kékeré kan wà. Bí ẹ bá la irun orí kan sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ṣì lè sanra ju wáyà yẹn lọ. Inú rẹ̀ ni àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, nǹkan tín-ín-tín tó ń gbé iná, ń sá kiri, àwọn kan gbóná, àwọn kan tutù. A fi álúmíníọ̀mù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, a sì jẹ́ kí ìpáàrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dí àárín wọn bí ògiri. Nígbà tí álúmíníọ̀mù yẹn bá tutù dé ìwọ̀n kan, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí kò bá gbóná tó kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Àwọn tó gbóná jù nìkan ló ń kọjá. Wọn kì í fo ògiri náà, wọn kì í sì dá a lu. Wọ́n kàn máa ń bọ́ sí òdì kejì ni, torí bí nǹkan bá ti kéré tó bẹ́ẹ̀, òfin mìíràn ló ń darí rẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní kúáńtọ́ọ̀mù. Àwọn tó gbóná á jáde, wọ́n á gbé ooru wọn lọ, àwọn tó kù á sì tutù.

Kíláàsì mi ní Ìkẹ́rẹ́ ló jẹ́ kó yé mi. Bí mo bá ní kí àwọn mẹ́rin tó ń pariwo jù lọ jáde, mi ò tíì fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó kù, ṣùgbọ́n kíláàsì ti parọ́rọ́. Mo sọ ọ́ fún Risto. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ lanu pè é lórúkọ.

Mo kọ lẹ́tà sílé. Mo ní láti sọ ẹni tí bàbá mi jẹ́ kí ẹ tó mọ ohun tí lẹ́tà yẹn fà. Dísípẹ́ńsà ni Bàbá jẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ló ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ fún àwọn ọmọ inú oko tó wà láàárín Ìsẹ̀ àti Èmùré, lórí kẹ̀kẹ́, pẹ̀lú kúlà tí wọ́n kó yìnyín sí. Kó tó dé oko tó jìnnà, yìnyín á ti di omi. Bí oògùn náà bá ti gbóná, kì í lò ó. Á dà á nù níwájú àwọn ìyá ọmọ, á sì yí kẹ̀kẹ́ padà. Ọdún kan wà tí ìgbóná eéyi kó ọmọ méjì lọ ní abà kan tí Bàbá ti da oògùn nù. Kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí lẹ́nu ara rẹ̀. Ìyá mi ló sọ fún mi.

Ìyẹn ni ẹni tí mo kọ̀wé sí pé, "A ń ṣe ẹ̀rọ kan tó ń gbé ooru kúrò lára nǹkan. Kò ní mọ́tò, kì í dún, iná tó ń lò kò sì tó nǹkan." Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mi ò kọ ìyókù, pé ohun tó ń mú tutù kò tó èérún, àti pé odindi àgbá hélíọ́ọ̀mù ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi mú ibẹ̀ tutù kí ẹ̀rọ náà tó lè ṣiṣẹ́ rárá. Mo ní màá kọ ọ́ nígbà míì.

Tẹlifóònù kò pọ̀ ní Ìsẹ̀ nígbà yẹn. Àárọ̀ Sátidé tó bá parí oṣù, Bàbá àti ìyá mi á wọ ọkọ̀ lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Ìkẹ́rẹ́, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, èmi á sì pè láti ọ̀hún. Lẹ́yìn lẹ́tà yẹn, Bàbá kò jẹ́ kí n kí i tán.

"Mo ti sọ fún ìjọ," ó ní. "Mo ní ọmọ mi ń ṣe fíríìjì tí kò ní mọ́tò, tí a lè gbé lọ sínú oko. Gbogbo wọn dìde, wọ́n gbàdúrà fún ọ."

"Bàbá..."

"Àlùfáà gan-an bèèrè ìgbà tí fíríìjì náà máa délé."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyá mi ti gba fóònù. Bàbá máa ń sọ Yorùbá bíi ti inú Bíbélì, ṣùgbọ́n Yèyé mi, Ìsẹ̀ ni ẹnu rẹ̀.

"Ṣé o ń jẹun? Uṣu wà níbẹ̀?"

"Kò sí uṣu, Yèyé."

"Kí ni wọ́n wá ń jẹ?"

"Ànàmọ́."

"Lójoojúmọ́?"

"Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ lójoojúmọ́."

"Ó dáa," ó ní, bí ẹni tó gbọ́ pé ara ọmọ òun kò yá.

Bí mo ti gbé fóònù sílẹ̀, mo dúró sínú àpótí gíláàsì etí títì tí mo ti ń fóònù, mo tún un sọ, "uṣu, ulé, ulé wa." Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni ahọ́n mi ń rí ọ̀rọ̀ yẹn sọ. Ní láàbù, Gẹ̀ẹ́sì la ń sọ. Nínú bọ́ọ̀sì, wọn kì í sọ nǹkan kan. Nílé tí mo ń gbé, mo mọ ohùn bàtà gbogbo àwọn tó wà lókè mi, mi ò mọ ojú ẹnì kankan nínú wọn. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejìlá, oòrùn á yọ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan, á sì tún wọ̀ kí a tó jẹun ọ̀sán tán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé bí mo bá jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kankan kì í wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì tèmi. Kì í ṣe ìwà burúkú. Wọ́n ń fún mi láyè ni. Èmi kò sì mọ bí mo ṣe máa sọ fún wọn pé àyè náà ti pọ̀ jù.

Iṣẹ́ kò lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń ṣe ègé kan, ègé sílíkọ́nì tí kò tó èékánná, tí wáyà kékeré yẹn wà lórí rẹ̀. Bí mo bá wò ó lábẹ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá, ó pé. Bí mo bá sọ̀ ọ́ sínú àgbá, tí mo fi iná sí i, ó ti kú. Ìpáàrà ti fọ́. Mẹ́tàdínlógún ló kú bẹ́ẹ̀ láàárín ìgbà òtútù kan. Risto kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó kàn máa ń sọ pé, "Tún un ṣe," á sì padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ mi bí ẹni pé òun ló jẹ̀bi.

Ẹni tó yọ mí ni Eino, bàbá arúgbó tó ń tún ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò pọ̀. Ó dúró wò mí lọ́jọ́ kan, ó bi mí pé, "Ilẹ̀kùn, ṣé ó máa ń ta ọ́ lọ́wọ́?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ìgbà. Mo rò pé bí ilẹ̀kùn ìlú wọn ṣe rí nìyẹn.

Ó fa apá súwẹ́tà mi. "Èyí ni. Irun àgùntàn, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Ìwọ lò ń pa wọ́n."

Ojú tì mí gidigidi. Èmi tí mo ti fi bírò ha irun orí mi níwájú àwọn ọmọ kíláàsì, kí wọ́n lè rí bí bírò ṣe ń fa ègé bébà. Èmi tí mo mọ bí aṣọ ṣe ń dún lára ènìyàn nígbà ọyẹ́. Iná tó wà lára mi ń gba ọmọ ìka mi jáde sórí ègé yẹn, ó sì ń pa á. Eino mú okùn wáyà kan wá, ó dè é mọ́ ọrùn ọwọ́ mi, ó fi ìdí rẹ̀ há ẹsẹ̀ tábìlì irin, kí iná ara mi lè máa gba ibẹ̀ wọlẹ̀. Bí mo bá ń ṣiṣẹ́, mi ò gbọdọ̀ tú u. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti dé láàbù, mo máa ń so ara mi mọ́lẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ègé tó tẹ̀lé e kò kú, ṣùgbọ́n kò ì tíì tutù bó ṣe yẹ.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Káyọ̀dé, kọ̀wé pé wọn ò rí fáìlì mi. Nígbà tí wọ́n ń pín tíṣà sí ìpínlẹ̀ méjèèjì, fáìlì tí ìwé ìyọ̀ǹda mi láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ wà nínú rẹ̀ kúrò ní Àkúrẹ́, kò sì dé Adó. "Ọmọ mi," ó kọ ọ́ bí ó ṣe máa ń pè mí, "orúkọ rẹ kò sí lára àwọn tíṣà mọ́." Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Nílé, mi ò sí nínú ìwé. Ní Finland, orúkọ láàbù ló wà lórí ìwé ìgbélùú mi; bí mo bá kúrò nínú láàbù, mo ti kúrò nínú ìlú. Àti ìjọ tó ń gbàdúrà. Bí mo bá rí i pé mo fẹ́ sọ òtítọ́ fún Bàbá, màá rántí pé ó ti dìde dúró níwájú àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ ọ́, màá sì tún gbé e tì.

Lọ́dún kẹta, mo pe Ìkẹ́rẹ́ lọ́jọ́ Sátidé wa, ohùn Bọ̀dá Káyọ̀dé ni mo gbọ́.

"Bàbá ṣubú lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun," ó ní. "Ọwọ́ ọ̀tún kò ṣeé gbé mọ́. Ẹsẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ ń jáde, ṣùgbọ́n ó wúwo."

"Mò ń bọ̀, Bọ̀dá."

"Ìgbà wo?"

Ìwé ìgbélùú mi ti fẹ́ parí, mo ti mú un lọ kí wọ́n sọ ọ́ dọ̀tun, tuntun kò sì tíì jáde. Mo lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe é. Obìnrin tó wà níbẹ̀ fara balẹ̀, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀. "O lè jáde lónìí bí o bá fẹ́," ó ní. "Wíwọlé padà ni mi ò lè ṣèlérí."

Mo sọ ọ́ fún Risto. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Mo káàánú gan-an," ó ní. "Ìpinnu tìẹ ni." Mo mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nílé, wọn kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lé ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́. Àwọn àgbà á jókòó, ẹni kan á ní kí o lọ, ẹni kan á ní kí o dúró, bó bá sì bàjẹ́, gbogbo yín lẹ jọ bà á jẹ́. Mo padà sídìí tábìlì mi, mo so okùn mọ́ ọwọ́, mo ṣiṣẹ́. Mi ò pinnu. Mo kàn ń ṣiṣẹ́ ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ègé náà tutù bó ṣe yẹ. Ọ̀sán ni. Mo rọra ń fi kún iná tó ń lọ sínú ègé náà, ìlà tó ń fi ooru inú wáyà bàbà hàn lórí kọ̀ǹpútà sì tẹ̀ wálẹ̀, ó ń wálẹ̀, kò dúró títí ó fi dé bí ìdá kan nínú mẹ́ta ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Mo pa iná, ó gòkè. Mo tan án, ó wálẹ̀. Mo ṣe é ní ìgbà mẹ́wàá. Risto dúró lẹ́yìn mi, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká díẹ̀, ó sì gbé e kúrò. Eino lọ ra kéèkì. A jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Kò sí ẹni tí mo lè sọ fún pé bàbá mi ni mo fẹ́ kó rí i.

Sátidé tó tẹ̀lé e, wọ́n fi ọkọ̀ àlùfáà gbé Bàbá wá sí Ìkẹ́rẹ́. Mo gbọ́ èémí rẹ̀ nínú fóònù kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀rọ yẹn ṣiṣẹ́."

"A dúpẹ́."

"Kì í ṣe fíríìjì, sà." Ọ̀rọ̀ ń tú jáde lẹ́nu mi. "Kò lè mú abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tutù. Ohun tó ń mú tutù, ojú kò lè rí i. Kò lè dé oko kankan. Ẹ má bínú. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ tipẹ́."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Mo mú lẹ́tà rẹ lọ fún tíṣà tó gba kíláàsì rẹ. Ó ṣàlàyé fún mi."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ fún ìjọ?"

"Wọ́n ti ń gbàdúrà nígbà yẹn." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó jáde ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan. "Ta ni màá ní kó dá àdúrà dúró?" Ó tún mí. Ọ̀rọ̀ tó sọ tẹ̀lé e, ó fi ẹ̀sọ̀ tò ó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. "Gbọ́ mi. Má wá nítorí mi. Má sì dúró nítorí mi."

Ẹ̀yin á rò pé ara tù mí. Kò tù mí. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń sọ fún ara mi pé nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń fara da ibẹ̀, nítorí kí ojú má bàa tì í. Ó ti gba ìdí yẹn lọ́wọ́ mi. Mo jáde nínú àpótí fóònù, mo dúró nínú yìnyín, mo ń wá ìdí mìíràn.

Ìwé ìgbélùú jáde lọ́jọ́bọ̀ kan. Ibi tí mo ní láti jẹ́wọ́ rèé. Ègé mi ṣì wà nísàlẹ̀ àgbá, ó ń ṣiṣẹ́. Bí a bá jẹ́ kó gbóná, ó lè má tutù bẹ́ẹ̀ mọ́ láéláé. Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù kí n wọn gbogbo ohun tó yẹ kí n wọ̀n tán. Risto kò ní kí n dúró. Kò sẹ́ni tó ní kí n dúró. Bọ̀dá Káyọ̀dé bi mí lórí fóònù, mo ní, "Ìwé náà kò tíì jáde, Bọ̀dá." Inú àpò ẹ̀wù mi ló wà bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, fóònù dún lórí tábìlì Risto. Bọ̀dá ló pè, ó ní rọpárọsẹ̀ náà ti padà wá. Bàbá wà láàyè, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ.

Mo dé Ìsẹ̀ nígbà òjò. Wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí pálọ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Àwọn ará ìjọ wá kí mi. Kò sí ẹnì kan tó bi mí léèrè fíríìjì. Wọ́n á wo Bàbá, wọ́n á wò mí, wọ́n á sì ní ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Bọ̀dá náà kò bi mí nípa ìwé.

"Bá a sọ̀rọ̀," Yèyé mi ní. "Ó ń gbọ́. Kò kàn lè dá ọ lóhùn ni."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bá a sọ̀rọ̀. Mo sọ fún un nípa kíláàsì àti àwọn tó ń pariwo, nípa súwẹ́tà mi, nípa Eino àti kéèkì. Mo ya ìlà tó wálẹ̀ yẹn sórí bébà, mo gbé e sí iwájú ojú rẹ̀, ó wò ó títí. Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí n padà, mo sọ fún un nípa ọjọ́ mọ́kànlá. Mi ò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó di ojú rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá oorun ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ ti dúró lóde, Yèyé mi ti gbé báàgì mi jáde. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo gbé ọwọ́ mi lé etí bẹ́ẹ̀dì náà láti fi dìde. Bàbá gbé ọwọ́ òsì, èyí tó kù fún un, ó gbé e lé tèmi. Agbára kò pọ̀ níbẹ̀. Ọwọ́ náà rọra rìn lórí ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bọ́ sórí ibùsùn.

Mo dìde, mo lọ. Ó kú ní oṣù kẹrin lẹ́yìn ìyẹn. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ó ń tì mí pé kí n máa lọ ni, tàbí ó ń gbìyànjú láti dì mí mú.